Àbúrò Mi Tó Ń Gbin Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Kí àìsàn tó mú bàbá mi, wọn kì í dúró kí èèyàn. Awakọ̀ akẹ́rù ni wọ́n. Iṣu, epo pupa àti pákó ni wọ́n ń kó láti Ìlá lọ sí Òṣogbo àti Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní gáréèjì, tí wọ́n kọrí sílé, "Ẹ kú ilé o" kan ṣoṣo ni àwọn tó jókòó síwájú ilé máa ń gbọ́, ẹ̀yìn wọn ni àwọn yẹn sì máa ń dá lóhùn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn tí wọ́n ń dúró níwájú ilé kan, tí wọ́n tún ń dúró níwájú èkejì. Wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè oko, wọ́n á fọwọ́ ti ògiri bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan. Ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ni mo ti ń wò wọ́n. Inú mi dùn. Mo sọ fún ìyá mi pé bàbá wa ti wá lọ́yàyà.

Àbúrò mi obìnrin ló rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Yunifásítì ní Ìbàdàn ló wà nígbà náà, ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ló ń kọ́. Ó wálé wá ṣe Iléyá, òun àti bàbá sì jọ rìn bọ̀ láti yídì lẹ́yìn ìrun. Bí wọ́n ṣe wọlé, ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n so àgbò mọ́.

"Àǹtí mi, ẹsẹ̀ ló ń dun bàbá. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni wọ́n ṣe ń dúró kí gbogbo ayé. Bí wọ́n bá dúró díẹ̀, ìrora náà á lọ. Bí wọ́n bá tún rìn, á tún dé."

Nígbà tí àlejò dínkù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bọ́ bàtà wọn.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi, bàbá. Káfíńtà tó ń kan ìlẹ̀kùn lójú ọ̀nà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kí i, kò sì tíì kúrò níbi tó wà."

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì na ẹsẹ̀ síwájú. Lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ni a ti rí egbò kan létí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, kò tóbi, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti dúdú. Àbúrò mi ò tíì dá sí egbò náà. Ó fi ọwọ́ kan lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi èkejì lé ti òsì. Ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Ti òsì gbóná bí ara èèyàn ṣe ń gbóná. Ti ọ̀tún tutù bí ìdí àmù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la gbé wọn lọ sí Ìbàdàn. Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí, láti Ọ̀tan Ayégbajú títí dé Ìkìrun ni wọ́n sì ń sọ fún awakọ̀ ibi tó yẹ kó ti rọra àti ibi tí kòtò wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń ṣe "Ẹ ṣé, bàbá" lójú kòtò kọ̀ọ̀kan, kò bínú.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ tó rí wọn jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́. Ó ní iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti dí lókè orúnkún. Bàbá béèrè pé kí ni wọ́n máa ń ṣe sí i.

"Bàbá, awakọ̀ ni yín. Bí afárá bá já, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń wá ọ̀nà gbà yà."

"Ohun tí àwa náà máa ń ṣe nìyẹn. Iṣan mìíràn wà lábẹ́ awọ ẹsẹ̀ tí ara lè ṣe láìsí i. A ó yọ ọ́, a ó rán orí rẹ̀ kan sókè ibi tó dí, a ó rán èkejì sísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá létí. Wọ́n ní àwọn gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n là wọ́n, wọ́n rí i pé iṣan abẹ́ awọ náà kò ṣeé lò. Ó ti wú, ó ti lọ́ kókó-kókó láti oríkèé ẹsẹ̀ dé itan, ti ẹsẹ̀ kejì kò sì sàn jù ú lọ. Dókítà ní ọ̀pá oníke kan wà tí wọ́n ń rán síbẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, kódà bó bá wà, kì í pẹ́ tó fi ń dí nísàlẹ̀ orúnkún níbi tí ọ̀nà ti tóóró. Ẹsẹ̀ náà sì ti ń dúdú lọ sókè.

Àbúrò mi dìde nínú ọ́fíìsì dókítà, ó ká yẹ̀rì rẹ̀ kúrò lójúgun.

"Dókítà, ẹ mú tèmi. Ẹ wò ó, kò wú rárá."

Dókítà náà ò fi í rẹ́rìn-ín. "Mo rí i. Ṣùgbọ́n ara bàbá á mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Á gbógun tì í títí á fi bà á jẹ́. Iṣan tó máa bá wọn gbé, àfi kó jẹ́ tiwọn."

"Tiwọn ò sì dára mọ́."

"Tiwọn ò dára mọ́."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tí bàbá jí, wọ́n wo ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní "Alihamudulilahi," wọ́n sì kọjú sí ògiri wọ́ọ̀dù. Ìyá mi jókòó tì wọ́n, wọ́n ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn wọn. Èmi ò lè dúró. Mo lọ bá àbúrò mi níta, mo rò pé á máa sunkún. Kò sunkún. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ gbọ́. Bí ẹ bá rí aṣọ tó ya, tí ẹ ò rí irú rẹ̀ lọ́jà, ṣé ẹ ò lè wá ẹni tó máa hun irú rẹ̀?" Mo ní ara èèyàn kì í ṣe aṣọ. Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sókè òkun. Ìyá wa kò kọ́kọ́ fẹ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, kí ló ń wá lọ síbi tí ìrì ti ń di yìnyín? Bàbá ló dáhùn láti orí àga wọn. Ẹsẹ̀ onígi ti wà lára wọn nígbà náà. Wọ́n ti fi mọ́tò sílẹ̀, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, àwọn awakọ̀ sì ń wá bá wọn, kì í ṣe nítorí ọjà nìkan. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀, jẹ́ kó lọ. Ọmọ yìí ní ohun tó ń wá." Ìyá wa lọ ń din ẹ̀pà tó máa gbé lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Tẹlifóònù ò sí nílé wa, ìyá wa ò sì mọ̀wé kà, nítorí náà ó máa ń sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé fún ọdún. A ó gbé rẹ́díò sí àárín yàrá, gbogbo wa á sì dákẹ́. Ohùn Ìgbómìnà ló fi ń kí wa, kò yí i padà fún ilẹ̀ òyìnbó. Nínú kásẹ́ẹ̀tì kan ló ti sọ pé òun ti dé ilé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ti ń gbin iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe àwọn nǹkan kéékèèké tí gbogbo ara fi di ara, ojú lásán ò lè rí wọn, a gbọ́dọ̀ máa bọ́ wọn, a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ omi wọn, a ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òtútù mú wọn. Ó ní kódà lọ́jọ́ ọdún, òun ní láti kúrò ní yídì lọ bọ́ wọn.

Ìyá wa ní kí n dá kásẹ́ẹ̀tì náà dúró. "Ó lọ́kọ níbẹ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sọ."

"Ó dà bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ìkókó."

Ọdún tó tẹ̀ lé e, kásẹ́ẹ̀tì mìíràn dé. Ó ní gbogbo iṣan tí òun gbìn láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló bu bí búrẹ́dì tó pẹ́. Kòkòrò kékeré kan tí ojú ò rí ló wọnú omi wọn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà wọlé. Ó kó gbogbo rẹ̀ dànù, ó fọ gbogbo ìgò, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ká bá òun kí ẹran ọdún. Èmi tí mo máa ń fi ìbínú ju aṣọ sílẹ̀ bí mo bá ṣì í gé, mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà.

Ìparí àwọn ọdún 1990 ló tó wálé. Epo mọ́tò wọ́n lọ́dún náà, ọkọ̀ tó gbé e láti Òṣogbo sì já a sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà; ọ̀kadà ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú báàgì lórí itan. Mo ṣàkíyèsí ọwọ́ rẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí ojú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti sán. Ó ní oògùn apakòkòrò tí àwọn fi ń fọwọ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyá wa fi òrí pa á lójoojúmọ́ tó fi wà nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó mú fọ́tò kan jáde, ó fi lé bàbá lọ́wọ́. Ìgò kan ló wà nínú rẹ̀, omi pupa rẹ́súrẹ́sú wà nínú ìgò, nǹkan funfun kan tó rí bí makaróní sì wà nínú omi náà.

"Bàbá, òun nìyẹn."

Bàbá gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú. "Iṣan ni?"

"Iṣan ni. Mo fọwọ́ mi gbìn ín."

Ó wá ṣàlàyé. Òwú kan wà tó máa ń yọ́ nínú ara díẹ̀díẹ̀. Òwú náà ni wọ́n fi ṣe aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí òun á ká bí ọ̀pá, tí òun á sì fi abẹ́rẹ́ rán ojú rẹ̀ pọ̀. Wọ́n á da sẹ́ẹ̀lì sára rẹ̀. Àwọn yẹn á máa pọ̀ sí i, wọ́n á bo òwú, òwú á máa yọ́, ìgbà tó bá yá, iṣan nìkan ló máa kù.

"Abẹ́rẹ́ lo fi ń rán an?" Èmi ni mo béèrè.

"Abẹ́rẹ́ ni, Àǹtí mi. Ránṣọ-má-yọ, rírán tí ojú rẹ̀ kì í hàn, tí ẹ kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù nígbà ọlidé, òun ni mo ń rán. Ọ̀gá mi béèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ, mo ní lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni."

Mo kàn ń wo fọ́tò náà, mo ń wá ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Ó mọ́ débi tí mi ò rí i.

Bàbá béèrè bóyá ó lè gba agbára ẹ̀jẹ̀, nítorí họ́ọ̀sì tí kò bá ki á bẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ó ní àwọn tí àwọn kọ́kọ́ gbìn bẹ́ lóòótọ́. Inú omi tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n wà, wọn ò sì mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Àwọn wá so páǹpù kékeré mọ́ wọn, tó ń lù bí ọkàn láti ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì bá ti dé orí òwú. Iṣan tó dàgbà nínú ìlù yẹn le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, ó sì ń súnkì, ó ń fẹ̀ bí ti ara gan-an.

"Níbo lẹ ti ń rí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí?" Ìyá wa ló béèrè.

"Lára iṣan tó dára ni a ti ń mú un tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà ti rẹ̀, kì í pọ̀ dáadáa mọ́. Ohun tí èmi ń gbìyànjú báyìí ni èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn eegun. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì di nǹkan kan. Wọn ò tíì di ẹran, wọn ò tíì di eegun. Oúnjẹ tí a bá fún wọn àti ibi tí a bá fi wọ́n sí ló máa sọ ohun tí wọ́n máa dà."

"Bí ọmọ tí wọn ò tíì mú lọ síbi iṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá. Bó bá sì jẹ́ inú eegun bàbá la ti mú un, ara bàbá ò ní lè sọ pé kì í ṣe tòun."

Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ fún un lọ́dún náà lọ́hùn-ún kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń ṣe láti ọjọ́ náà, ìdáhùn rẹ̀ ló ń wá.

Bàbá ní, "Ta ni wọ́n ti fi sí lára?"

Ó rọra wo ìyá wa. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni, bàbá."

"Asitagafurulai!" Ìyá wa fa ọwọ́ wọn kúrò lára fọ́tò náà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe pé wọ́n ní kí o jẹ ẹ́." Àwa náà rẹ́rìn-ín, ìyá wa pàápàá fi etí ìborùn bo ẹnu.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, bàbá na ẹsẹ̀ òsì wọn síwájú, èyí tó kù. Wọ́n ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀ lára èyí náà. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni. Ṣé tìrẹ ti tó èèyàn í lò?"

Kò sí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú wa pé ẹsẹ̀ náà ti ń dùn wọ́n. Àbúrò mi fi fọ́tò náà lélẹ̀.

"Kò tíì tó, bàbá."

"Ó kù bí ọdún mélòó?"

"Mi ò mọ̀. Bí mo bá dá iye kan fún yín, irọ́ ni mo pa."

Bàbá ní, "Ó dára. Mo fẹ́ràn pé o ò parọ́ fún mi."

Ṣùgbọ́n àbúrò mi ò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ká apá agbádá wọn sókè. Ó fi ọ̀já so apá wọn, ó sì ń fi ìka tọ àwọn iṣan tó yọ síta láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè. Ó ní níbi tí òun wà, òun ti rí àwọn oníṣẹ́ abẹ tó ń lo iṣan apá fún ẹni tí ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́. Wọ́n á mú díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ó ní ẹsẹ̀ yìí ò tíì légbò, àsìkò ṣì wà.

Ọ̀dọ̀ dókítà ọjọ́sí náà la padà sí ní Ìbàdàn. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó wo àbúrò mi, ó ní, "Ìwọ lo ní kí n mú iṣan ẹ." Àwọn méjèèjì jókòó ti bàbá, wọ́n ń ya iṣan apá bàbá sórí ìwé, wọ́n ń fi èdè iṣẹ́ wọn bára wọn sọ̀rọ̀. Bàbá ò gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ wọn, mi ò rí i kí wọ́n fi wo ohunkóhun rí, kódà ọkọ̀ tuntun. Dókítà ní láti ìgbà náà òun ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn kan, òun ò sì ní ṣèlérí, ṣùgbọ́n òun á ṣe é.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà gùn. Ìyá wa ń fa tẹ̀síbáà, èmi ń ká etí ìborùn mi, mo ń tú u. Àbúrò mi nìkan ló jókòó láìmira. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, dókítà jáde, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ní, "Ó ń lù." Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká wọlé, ìyá wa gbá ẹsẹ̀ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n sunkún, wọ́n ní, "Ó gbóná. Ọmọ mi, ó gbóná."

Ọjọ́ tí bàbá kọ́kọ́ rìn lọ kírun Jímọ́ọ̀, àbúrò mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ onígi ń dún kọ́, kọ́ lójú ọ̀nà. Ti òsì ń tẹ̀ lé e láìráhùn. Apá wọn méjèèjì ní àpá gígùn tí wọ́n kì í fi pamọ́. Bí ẹnì kan bá béèrè, wọ́n á ká aṣọ sókè, wọ́n á ní ibí ni wọ́n ti mú ọ̀nà tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn, wọ́n á sì wá sọ fún onítọ̀hún nípa ọmọ wọn obìnrin tó ń gbin irú rẹ̀ nínú ìgò, kí ẹni tí kò ní tara rẹ̀ mọ́ lè rí tirẹ̀ gbà. Àwọn kan gbà wọ́n gbọ́, àwọn kan rò pé ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ òsì náà bá wọn dé ọjọ́ ikú wọn. Iṣan tí àbúrò mi ń gbìn nínú ìgò ò tíì dé ara èèyàn kankan nígbà tí wọ́n lọ. Àbúrò mi kò tíì fi í sílẹ̀. Mo máa ń bi í léèrè lórí fóònù bóyá kò rẹ̀ ẹ́, á ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà, mo fẹ́ lọ bọ́ wọn."